Kí Wọ́n Tó Máa Kọ Nọ́ńbà sí Àwo Lára

Ọmọ mi ọkùnrin ra àwo tuntun wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kò tíì jù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti ń ròyìn ìwà rẹ̀ fún mi. Nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n tẹ̀ sí i lójú, lábẹ́ orúkọ rẹ̀, Destroyer: 12, 5, -1, 3.

"Dádì, ẹ wò ó." Ó ń fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "12 yìí, eré rẹ̀ nìyẹn. 5 yìí, bó ṣe máa pẹ́ lókè tó. Tó bá kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ yín, á yà díẹ̀ sọ́tùn-ún, ìyẹn ni -1. Tó bá wá rẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn, á ṣẹ́rí sósì. 3 ni wọ́n fún un níbẹ̀, ìyẹn ò ṣeé fojú di."

"O ti jù ú wò?"

"Rárá sà, òjò ni ò jẹ́."

Mo dá àwo rẹ̀ padà fún un. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan gún mi lọ́kàn. Irú àlàyé tí ọmọ yìí ṣe lórí ìjókòó, nínú pálọ̀, kí òjò tó dá, ó gbà mí ju ọdún kan lọ kí n tó lè ṣe é nípa àwo tèmi. Nígbà tí mo sì fi máa mọ̀ ọ́n tán, àwo náà ti yíwà padà.

Ọdún 1986 ni mo dé Pasadena ní ìpínlẹ̀ California láti wá kàwé. Yàrá kan ni èmi àti ọmọ Ìkìrun kan jọ ń gbé, owó tí mo ń rí níbi tí mo ti ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan kò sì tó ṣe fàájì tó bá ti ní tíkẹ́ẹ̀tì nínú. Ọ̀gá wa ní ìdí iná, òyìnbó àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ní kí n bá òun ká lọ ní Sátidé kan síbi eré tí wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà. Bí mo ṣe dé Oak Grove Park nìyẹn, ní La Cañada Flintridge, lábẹ́ àwọn igi óòkù, nítòsí JPL níbi tí NASA ti ń ṣe ọkọ̀ tó ń lọ sójú ọ̀run. Hahamongna ni wọ́n ń pe ibẹ̀ báyìí, orúkọ tó wá láti èdè àwọn Tongva tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà pé orírun ni wọ́n mú mi dé. Pápá yẹn, tí wọ́n ṣí ní 1975, ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe fún disc golf tí wọn kò ká kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn tí eré parí.

Gọ́ọ̀fù ni lóòótọ́, àmọ́ kò sí ọ̀pá, kò sí bọ́ọ̀lù. Àwo ike ni wọ́n ń jù, láti ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ títí yóò fi kó sínú apẹ̀rẹ̀ irin kan tí ṣéènì rọ̀ yí òkè rẹ̀ ká. Ẹni tí ìjù rẹ̀ bá kéré jù ló borí. Ìró ṣéènì yẹn nígbà tí àwo bá kó sí i láàárín, mo ṣì ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́: mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n kí n tó débẹ̀. Àwa tí a fi ìdérí agolo mílíìkì ṣeré nílé, tí a jù ú kọjá òrùlé aládùúgbò, tí aládùúgbò sì fi pàṣán dá a padà fún wa, kí ló kù tí òyìnbó fẹ́ kọ́ wa? Ìjù mi àkọ́kọ́ wọ igbó lápá òsì. Ìkejì náà wọ ibẹ̀. Ọ̀gá mi kàn ń wò mí.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ìdérí agolo náà ni tiwọn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1937, Fred Morrison àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ Lucile, tó padà fẹ́, ń fi ìdérí agolo gúgúrú ṣeré. Ìdérí náà tètè wọ́, ni wọ́n bá bọ́ sórí páànù tí wọ́n fi ń yan kéèkì. Ní etíkun Santa Monica, ẹnì kan rí wọn, ó ní òun máa fún wọn ní sẹ́ǹtì 25 kí wọ́n fi tọwọ́ wọn sílẹ̀ fún òun. Sẹ́ǹtì 5 ni wọ́n ń ta irú páànù yẹn nílé ìtajà. Ẹ̀mí ọjà bá wọ Morrison lára. Ní òdìkejì Amẹ́ríkà, ní Connecticut, abọ́ tí iléeṣẹ́ Frisbie ti ìlú Bridgeport fi ń ta páì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yale ń jù síra wọn. Ibẹ̀ ni orúkọ Frisbee ti jáde lẹ́yìn tí iléeṣẹ́ Wham-O ra àwo ike Morrison ní 1957. Ilé ìdáná ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Ed Headrick ló sọ ọ́ di nǹkan àgbà. Òṣìṣẹ́ Wham-O ni. Ní 1964 ó tún àwo Morrison ṣe, ó fi àwọn ìlà róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lẹ́yìn, ọ̀kan nínú èkejì, bí èyí tí òkúta máa ń fi sílẹ̀ lójú odò. Iṣẹ́ wọn ni láti da afẹ́fẹ́ tó ń ṣàn kọjá lórí àwo láàmú díẹ̀, kí ìfò rẹ̀ lè dúró déédéé. Òun náà ló la pápá Oak Grove. Òpó igi ni wọ́n kọ́kọ́ ń fojú sùn níbẹ̀, àríyànjiyàn "ó bà á, kò bà á" kò sì tán níbẹ̀ títí tó fi ronú kan apẹ̀rẹ̀ oníṣéènì. Òun ló dá PDGA sílẹ̀ ní 1976, ẹgbẹ́ tó ń ṣòfin eré náà. Nígbà tó kú ní 2002, wọ́n po eérú òkú rẹ̀ mọ́ ike, wọ́n fi da àwo, bó ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ẹ̀sìn mi ò fara mọ́ irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé mi.

Àwo ìgbà Headrick, ìṣeré láàárín ọ̀rẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Orí rẹ̀ rù sókè bí ẹ̀yìn ìjàpá, etí rẹ̀ nípọn, ó rí róbótó bí etí ìṣaasùn. Àwo tó bá rí báyìí máa ń pẹ́ lókè: á léfòó, á dúró bí ẹni tó ń ronú, ọmọdé á sáré dé abẹ́ rẹ̀ á sì hán an. Ohun tó dùn mọ́ ẹni tó fẹ́ hán an ni àléébù lójú ẹni tó fẹ́ kó jìnnà. Etí tó nípọn yẹn ń bá afẹ́fẹ́ jà, afẹ́fẹ́ sì ń borí. Bí atẹ́gùn díẹ̀ bá fẹ́, àwo á gbàgbé ibi tí wọ́n rán an.

Ní 1983 ni Dave Dunipace, ní California níbẹ̀ náà, ṣe ohun tó dà bíi pé kò tó nǹkan. Ó fẹ etí àwo sóde, ó sì pọ́n ọn tó fi rí ṣónṣó. Afẹ́fẹ́ tó ti ń forí sọ ògiri tẹ́lẹ̀ wá bá imú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n pàdé. Ó là sí méjì, apá kan gba òkè, apá kan gba ìsàlẹ̀. Iléeṣẹ́ Innova tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ń jẹun lórí etí yẹn títí dòní, àwọn iléeṣẹ́ yòókù náà sì jókòó sídìí abọ́ kan náà. Láàárín ọdún díẹ̀, àwo ńlá tí wọ́n ń hán di nǹkan ọmọdé lójú àwọn oní-disc golf. Ọ̀gá mi ṣì ní ọ̀kan nígbà náà, ó gbé e kọ́ ògiri.

Ẹni tó bá ti ta òkòtó rí ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Òkòtó tó ń yí kíkankíkan á dúró lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ìgbà tó bá ń rẹ̀ ẹ́ ló máa ń fì. Ohun kan wà tí àwa ọmọdé ṣàkíyèsí tí a ò lórúkọ fún: tí o bá rọra fi ìka ti òkòtó tó ń yí, kì í dẹ̀gbẹ́ síhà tí o tì í sí. Ẹ̀gbẹ́ mìíràn ló máa ń yà sí, bí ọmọ tí wọ́n rán lọ sódò tó gba ọ̀nà ọjà.

Àwo náà nìyẹn. Ó ń yí bó ṣe ń lọ, afẹ́fẹ́ sì ń gbé e láti ìsàlẹ̀, àmọ́ ojúkò ibi tí agbára afẹ́fẹ́ yẹn ti ń gbé e kì í sábà bọ́ sí àárín gbùngbùn àwo gẹ́lẹ́. Nígbà tí eré bá pọ̀ tí àwo sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀yìn ni agbára náà pọ̀ sí. Ó fẹ́ gbé ìdí àwo sókè, kó fi imú rẹ̀ kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n òkòtó ni. Kò fimú kanlẹ̀, ọ̀tún ló dẹ̀gbẹ́ sí. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni mo ń wí o, ẹni tó fa apá gba iwájú àyà kó tó jù ú síta, bí ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá ènìyàn létí. Kí ọlọ́wọ́ òsì yí gbogbo rẹ̀ padà. Bí eré bá wá dínkù tí àwo ń sọ̀kalẹ̀, afẹ́fẹ́ á túbọ̀ máa kọlù ú lábẹ́, ojúkò yẹn á rìn síwájú, imú á fẹ́ gbéra. Òkòtó á tún kọ̀. Òsì ló máa dẹ̀gbẹ́ sí. Ìdí tí ìjù mi méjèèjì fi wọ igbó òsì nìyẹn: kò sí eré lápá mi, àwo ò tilẹ̀ ráàyè ronú kan ọ̀tún.

Gbogbo iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe àwo dá lórí ìrìnàjò ojúkò kékeré yẹn. Bí ṣónṣó etí bá ga díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ àwo, àwo kì í fẹ́ yà sọ́tùn-ún, á sì tètè ṣẹ́rí sósì. Bó bá rẹlẹ̀, á rọrùn fún un láti yà. Àwọn kan ní ìlẹ̀kẹ̀ nídìí, òrùka tín-ín-rín kan tó yọ lábẹ́ etí wọn yípo; ìyẹn náà ń mú wọn lágídí. Èyí tí orí rẹ̀ rù máa ń léfòó, èyí tó tẹ́ máa ń tètè wálẹ̀. Bí ìwúwo bá kó sí etí, yíyí á pẹ́. Ìyàtọ̀ tí ojú lásán lè má rí tí o bá gbé àwo méjì lé orí tábìlì, òpin pápá ló máa ti tú àṣírí ara rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ṣe irú àlàyé yìí fún wa nígbà yẹn. Àwo tí mo kọ́kọ́ fowó ara mi rà ni Roc. Innova gbé e jáde ní 1987, wọ́n sì fi orúkọ ẹyẹ arabarìbì inú ìtàn àwọn Lárúbáwá sọ ọ́. Tèmi ní àwọ̀ ọsàn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, wọ́n fi yíǹkì kọ ọ́ sábẹ́: 180, ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù. Ìwà rẹ̀ ńkọ́? Lọ jù ú.

Inú báàgì ọ̀gá mi ni mo ti kọ́ ìyókù. Ní nǹkan bí 1991, àwo mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, márùn-ún nínú wọn sì jẹ́ Roc. Mo rò pé ìfẹ́ àfẹ́jù ni, àfi ọjọ́ tó da gbogbo wọn dé sórí koríko tí mo rí i pé ó ti fi báírò kọ ọdún tó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ikùn rẹ̀. Èyí tó rà lọ́dún náà ṣì ń ṣorí kunkun: bó o bá jù ú báwo, á ṣẹ́rí sósì kó tó balẹ̀. Ti 1989 ń lọ gbọnrangandan. Ti 1987, tí etí rẹ̀ ti họ lára igi óòkù bí eyín ayùn, bó bá jáde lọ́wọ́ rẹ á yà sọ́tùn-ún, kò sì ní í wẹ̀yìn wò. Iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, bátànì kan náà ni wọ́n fi dà wọ́n. Ọjọ́ orí ló pín wọn níyà.

Ike ìgbà yẹn rọ̀, kò sì wọ́n. Igi kan ṣoṣo lè gé e létí. Ibi tó họ níbí, ibi tó sán lọ́hùn-ún, ṣónṣó etí á máa wálẹ̀ ní ìwọ̀nba, àwo tó ti ń kọ ọ̀tún tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà. Àwọn òyìnbó a máa pe àwọn àgbàlagbà wa ní onísùúrù, àmọ́ ìdí àwo ni mo ti rí sùúrù tiwọn. Bí ọ̀gá mi bá fẹ́ àwo tó ń yà sọ́tùn-ún láàárín igi, ọdún mẹ́rin ló máa fi ṣe é. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà: mi ò rí ibi tí òwe yìí ti ṣẹ tó báyìí rí. Mo lè ra Roc mẹ́wàá lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí tèmi pọ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ti 1987 yẹn kò sí lórí àtẹ kankan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tà á fún mi. Ó ní òun á kúkú ta mọ́tò òun.

Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi ń bọ́ bàtà wọ odò nítorí àwo. Mo ti ṣe é, nínú oṣù Kejì, omi dé mi lórúnkún, ọmọ Ìkìrun dúró sétí odò ó ń bi mí bóyá orí mi pé. Àwo tó bọ́ sómi kì í ṣe dọ́là mẹ́jọ tó bọ́ sómi. Ìgbà òjò mẹ́ta, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ni.

Àwọn tó ń gba ife ẹ̀yẹ nígbà náà, àwo wọn ò yàtọ̀ sí tiwa púpọ̀, ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ken Climo, tó jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ ní Florida, gba ife àgbáyé láti 1990 dé 1998 láìfo ọdún kankan. Nígbà tó fi máa ṣe tán ó ti di 12. Roc àti Aviar, èyí tí wọ́n fi ń sọ sí apẹ̀rẹ̀, wà nílé ìtajà tí èmi náà ti ń rà wọ́n. Ohun tí mi ò ní ni apá rẹ̀.

Báyìí ńkọ́? Àwọn àwo tí PDGA fọwọ́ sí ti ju 1,000 lọ. Ọmọ mi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lẹ́yìn ara wọn lórí pápá, ogún àwo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí alájàpá tó ń bọ̀ láti ọjà. Ní 1974, nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje ńlá kan ní Rochester ní New York, mọ́tò Datsun kan ni ẹ̀bùn rẹ̀, gbogbo ayé sì ń sọ ọ́. Ní 2021, Paul McBeth, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ eré náà, tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú iléeṣẹ́ Discraft tó ń ṣe àwo fún ọdún mẹ́wàá, mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Inú mi dùn sí i. Mo kàn ń sọ bí ọ̀nà ti jìn tó ni.

Etí Destroyer ọmọ mi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.2, ti Aviar tí mo fi ń sọ sí apẹ̀rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 1 lọ. Etí tó fẹ̀ ń jẹ́ kí ṣónṣó rẹ̀ gùn, ó ń kó ìwúwo sẹ́yìn òde, ó ń la afẹ́fẹ́ bí àdá. Ìdí tó fi ń sáré nìyẹn, ìdí náà nìyẹn tí ìka mi kò fi ká a mọ́. Bí òfin ò bá sí, wọn ì bá ti sọ ọ́ di abẹ́. PDGA ní etí kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.6 lọ, ó ní ìwọ̀n tí ṣónṣó rẹ̀ kò gbọdọ̀ mú kọjá, nítorí orí ènìyàn wà lórí pápá. Ó ní àwo kò gbọdọ̀ kéré ju sẹ̀ǹtímítà 21 láti etí dé etí, àti pé sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ju gíráàmù 8.3 lọ. Ibẹ̀ ni 175 tó wà lábẹ́ àwo ọmọ mi ti wá: 21.1 ni ìbú rẹ̀, ẹ fi 8.3 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ní 2002, Christian Sandström ará Sweden ju àwo dé mítà 250 ní El Mirage, adágún gbígbẹ kan ní California. Ní 2016, nínú aṣálẹ̀ Nevada, tí atẹ́gùn ń ti àwo lẹ́yìn, David Wiggins jù ú dé 338. Kò sí ẹni tó lè fi ìdérí agolo débẹ̀.

Ike ló dùn mí. Èyí tí wọ́n ń pè ní Champion àti Star, tí wọ́n fi ń da ọ̀pọ̀ àwo báyìí, igi ò fi bẹ́ẹ̀ rí i gé. O lè jù ú lu óòkù láti àárọ̀ dalẹ́, kó yọ, kó máa dán. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwà ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ṣì ń hù. Ẹni tó bá wá fẹ́ àwo tó ń yà sọ́tùn-ún kò ní í dúró de ọdún kankan. Yóò lọ ra Leopard, 6, 5, -2, 1, èyí tí wọ́n ti bí ní arúgbó láti iléeṣẹ́. Ó bọ́gbọ́n mu. Ó tún yá. Mi ò rí àbùkù kankan tọ́ka sí nínú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Àwọn nọ́ńbà yẹn nìkan ni mo ní ẹjọ́ bá ṣe, ọmọ mi sì ti gbọ́ ọ títí ó ti sú u. Kò sí òfin tó wọ̀n wọ́n. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún àwo rẹ̀ ní èyí tó wù ú. 9 ti ẹni yìí lè jẹ́ 8 lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwo tí wọ́n fi bátànì kan náà dà ní oṣù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè má rù lórí bákan náà, nọ́ńbà kan náà ni wọ́n máa tẹ̀ sí wọn lójú. 12 yẹn tún ń tan àwọn ọmọdé jẹ. Wọ́n rò pé eré tí àwo máa fún wọn ni. Eré tí àwo ń béèrè lọ́wọ́ wọn ni. Bí apá rẹ ò bá ní i, -1 kò ní í ṣẹlẹ̀ rárá, 3 nìkan ni wàá rí, nínú igbó òsì.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ mọ́ra mi. Èjìká ọ̀tún mi ti ń ké láti ìgbà tí mo ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Àwo gíráàmù 150 kan, tó fúyẹ́, tó ń yà wẹ́rẹ́, ni mo ń jù báyìí, nọ́ńbà rẹ̀ ni mo sì wò kí n tó rà á. Mo dúró nínú ilé ìtajà pẹ̀lú awò ojú mi, mo ń kà á bí ẹni tó ń ka ìwé oògùn. Kí n ní mo máa dúró ọdún mẹ́rin kí ike tó rọ̀? Dókítà mi ò ṣèlérí ìyẹn. Ọmọbìnrin aládùúgbò wa, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ju irú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì lọ tààrà. Èmi ni mo wọ igbó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá mi ti di olóògbé. Mi ò mọ ẹni tí Roc 1987 yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tèmi, aláwọ̀ ọsàn, ti tẹ̀lé mi kúrò ní California, ó ti gbé ilé mẹ́rin. Mo kọ 1988 sí ikùn rẹ̀ bí ọ̀gá mi ṣe ń ṣe, báírò náà ti ń parẹ́. Mi ò jù ú mọ́. Ìyàwó mi ló gbà á lọ́wọ́ mi ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ní àwo tó mọ́ kò yẹ kó máa sùn nínú búùtù mọ́tò. Ẹ̀pà yíyan ló ń wà nínú rẹ̀.

Òjò dá ní Sátidé. Ọmọ mi mú Destroyer rẹ̀ lọ sí pápá, ó padà dé lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ dé orúnkún. Mi ò bi í léèrè ohunkóhun. Ó jẹ ẹ̀pà, ó ń wo abẹ́ ohun tó ti ń jẹ ẹ́.

"Dádì, ihò keje yẹn, ibi tí igi méjì ti sún mọ́ra. Mi ò ní nǹkan tó ń yà níbẹ̀. Gbogbo tèmi ló ń kọ̀." Ó gbé àwo náà sókè díẹ̀ kí ẹ̀pà má bàa dànù. "Kí ni nọ́ńbà eléyìí?"

"Ó wà ní inú rẹ̀. Gbá ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Ó gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Báwo ló ṣe ń lọ?"

Mo sọ fún un: ó máa kọ́kọ́ lọ tààrà bí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, tó bá dé ẹ̀gbẹ́ igi kejì, kì í ṣe ti àkọ́kọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún, kó má bẹ̀rù, kó má sì fi agbára jù ú, nítorí ibì kan ti sán lára rẹ̀ ní apá ibi tí wọ́n kọ Innova sí, kó má ṣe fi àtàǹpàkò lé ibẹ̀.

Ó da ẹ̀pà sínú abọ́ mìíràn, ó nu Roc mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

Ìyàwó mi gbọ́ ìró ẹ̀pà láti ìdí iná. "Ta ló ń kó àwo mi jáde níbẹ̀ yẹn? Kó dá a padà o!"